Wọ́tà-sẹparétọ̀ lára Hilux oní-dísẹ́ẹ̀lì: ohun tí mo rí

Bí èèyàn bá ti gbé ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ní tọ́bò, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, wọ́n ti rí oníbàárà nìyẹn. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ra irin iwájú, kẹ́ ẹ ra iná orí òrùlé, sínọ́kẹ̀lì, tọ́bò-táímà, gééjì mẹ́ta tí wọ́n máa tò sórí dáṣíbọ́ọ̀dù bíi ti ọkọ̀ òfúrufú. Mo ti ra díẹ̀ nínú wọn. Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó gba owó là fún mi kò tiẹ̀ hàn síta rárá, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló wà: wọ́tà-sẹparétọ̀, ìyẹn fílítà kejì tó ń gba omi kúrò nínú dísẹ́ẹ̀lì kó tó dé ọ̀dọ̀ fílítà tí Toyota fi síbẹ̀.

Ọdún 2012 ni wọ́n ṣe Hilux tèmi, ẹ́ńjìnnì D-4D 2.5 ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 2KD-FTV. Kájú àti àgbàdo ni mo fi ń kó láti agbègbè Sakí àti Ìsẹ́yìn wá sí Ìbàdàn. Ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn ti dán báyìí, ṣùgbọ́n oko kì í sábà wà létí títì. Ẹ máa kúrò lórí ọ̀dà, ẹ máa wọ ilẹ̀ pupa, bó bá sì di ìgbà ọyẹ́, eruku á bo ọkọ̀ tó wà níwájú mọ́ yín lójú. Dísẹ́ẹ̀lì tí mò ń rà náà, ilé-epo ńlá kọ́ ló ń ti wá nígbà gbogbo. Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń tà á fún wa létí ọ̀nà.

Àwọn tó ti wa lọ́rì Mercedes 911 àtijọ́ rí á sọ pé àṣejù ni mò ń ṣe. Òótọ́ ni pé 911 á mu dísẹ́ẹ̀lì tó dọ̀tí, á tu èéfín dúdú, á sì gun òkè lọ. D-4D kò rí bẹ́ẹ̀. Páńpù rẹ̀ ń ti dísẹ́ẹ̀lì sínú ọ̀pá irin kan tí nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ti ń mu, agbára tó sì fi ń tì í lè tó bar 1,600. Atẹ́gùn inú táyà ọkọ̀ kan náà kò ju bar 2 tàbí 3 lọ. Kí nọ́sù tó lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀ láìjò, àlàfo àárín àwọn irin inú rẹ̀ ní láti kéré débi tí ojú kò lè rí i, dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣe ọ́ìlì fún wọn. Bí omi bá gba ipò dísẹ́ẹ̀lì, irin á máa ha irin, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá dé ẹnu nọ́sù níbi tó ti gbóná, á di oru lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè ṣẹ́ ẹnu náà. Denso ló ṣe àwọn nọ́sù yìí. Tuntun rẹ̀ wọ́n; tòkunbọ̀ rẹ̀, ẹ ò mọ ohun tó ti mu rí.

Kì í sì í ṣe oníjìbìtì nìkan ló ń bu omi sí epo. Táńkì abẹ́ ilẹ̀ ní ilé-epo máa ń gba omi òjò bí ọmọrí rẹ̀ kò bá dé dáadáa. Wọ́n lè fọ kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n má jẹ́ kó gbẹ. Táńkì ọkọ̀ yín gan-an, bí epo inú rẹ̀ bá wà ní ìdajì mọ́jú, atẹ́gùn tó kún ìdajì tó kù á tutù, ìrì á sẹ̀ sí i lára, á sì ṣàn sísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rọ epo kún táńkì lálẹ́ bí owó bá wà lọ́wọ́.

Èyí tí mo rà jẹ́ irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Racor sọ di gbajúmọ̀: orí onírin, fílítà láàárín, ife tí èèyàn lè wo inú rẹ̀ nísàlẹ̀, àti kọ́ọ̀kì kékeré ní ìdí ife náà. Dísẹ́ẹ̀lì á wọlé, á yí po, omi tó wúwo jù ú lọ á rì sísàlẹ̀ ife, dísẹ́ẹ̀lì á gba inú fílítà gòkè. Kò sí wáyà kankan níbẹ̀. Hilux ní iná tirẹ̀ tó máa ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù bí omi bá ti pọ̀ nínú fílítà rẹ̀, àmọ́ kí iná yẹn tó tàn, omi ti kó jọ síbi tó sún mọ́ páńpù nìyẹn. Ti ife yìí, ẹ kàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ti rí i.

Araromi, ní Gate n'Íbàdàn, ni mo ti rà á. Ẹni tó bá wà l'Ékòó á rí i ní Ladipo. Ojúlówó Racor wọ́n gan-an, torí ọkọ̀ ojú omi àti jẹnẹrétọ̀ ńlá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà á fún. Ayédèrú tí wọ́n tẹ orúkọ náà sí lára sì wà tí owó rẹ̀ kéré débi tó yẹ kó bà yín lẹ́rù. Èmi ra èyí tí kò purọ́ orúkọ: kò sí orúkọ olókìkí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wúwo, ife rẹ̀ nípọn, fílítà tí a fi ń pààrọ̀ ti inú rẹ̀ kò sì ṣòroó rí. Owó rẹ̀ kò tó ti nọ́sù tuntun kan. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi fẹ́ kí n mú fílítà micron 2. Micron ni wọ́n fi ń wọn ojú fílítà; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ojú rẹ̀ ṣe há tó. “Àlàájì, èyí ló ń sẹ́ jù, kò sí ìdọ̀tí tó lè kọjá níbẹ̀.” Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Fílítà iwájú ló yẹ kó gba ìdọ̀tí ńlá, kí ti Toyota tó wà lẹ́yìn gba kékeré. Bí ẹ bá fi micron 2 síwájú, kò ní pẹ́ dí, páńpù á máa fà kò ní rí fà, ọkọ̀ á sì máa kú agbára lórí òkè. Micron 30 ni kẹ́ ẹ béèrè, tàbí 10 bí kò bá sí. Lára Racor, pupa ni 30, búlúù ni 10, búráùn ni 2. Àwọn tó ń fara wé wọn náà máa ń kun àwọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ibi tí ọjà yìí ti lè dójú ti èèyàn ni ìsopọ̀. Kò sí páńpù nínú táńkì Hilux yìí tó ń ti epo wá síwájú. Páńpù ara ẹ́ńjìnnì ló ń fà á. Nítorí náà, bí ihò tó kéré bá wà lára họ́ọ̀sì, dísẹ́ẹ̀lì lè má jò síta kẹ́ ẹ rí i, atẹ́gùn ló máa wọlé. Ẹni tó bá mi dè é lo kílíìpù pẹlẹbẹ tó bá a wá nínú páálí, irú èyí tí kì í fún. Láàárọ̀, ọkọ̀ tó máa ń sítáàtì lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Mẹkáníìkì mi wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Àlàájì, atẹ́gùn ni ọkọ̀ yín ń mu.” Ó so họ́ọ̀sì ike tí a lè rí inú rẹ̀ mọ́ ọn fúngbà díẹ̀, a sì rí ìfófòó tó ń sáré kọjá. Ó fi kílíìpù oníbóòtù dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ọ̀rọ̀ parí. Tí mo bá máa gé máàkì rẹ̀, ibẹ̀ ni màá ti gé e.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dè é sí ẹ̀gbẹ́ tọ́bò. Ike ni ife náà, dísẹ́ẹ̀lì ló sì wà nínú rẹ̀. Abẹ́ ṣáásíì náà kò dáa, òkúta á máa bá kọ́ọ̀kì rẹ̀.

Láàárọ̀, kí n tó sítáàtì ọkọ̀, màá gbé agolo sábẹ́ rẹ̀, màá tú kọ́ọ̀kì títí tó fi ku dísẹ́ẹ̀lì nìkan tó ń jáde. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń pẹ́ kí n tó rí nǹkan kan. Bí òjò bá dé, ẹ máa rí ìlà tó wà láàárín omi àti dísẹ́ẹ̀lì kedere nínú ife. Ìgbà kan wà tí mo ra epo lọ́nà Sakí, ní ilé-epo kan tí mi ò ní dárúkọ, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì ife kí n tó jìnnà. Mo dúró, mo tú u, mo wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀, mo tún dúró tú u. Nọ́sù ni ì bá mu gbogbo rẹ̀.

Kò fi agbára kún ọkọ̀ o, kò sì dín epo tó ń mu kù. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ó fẹ́ tajà ni. Kò lè yọ kẹrosíìnì pẹ̀lú. Kẹrosíìnì máa ń pò mọ́ dísẹ́ẹ̀lì, kò sí fílítà tó lè yà wọ́n, òun náà sì ń ba nọ́sù jẹ́ torí kò lọ́ràá tó. Ti ìyẹn, àfi kẹ́ ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú àwọn yòókù, sínọ́kẹ̀lì ni mo fẹ́ràn, kì í ṣe torí odò. Ọ̀gangan òrùlé ló ti ń fa atẹ́gùn, eruku ọ̀nà oko kì í sì í pọ̀ lókè tó bí ó ṣe pọ̀ nísàlẹ̀. Ojú ìsopọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà sábà máa ń yanu, ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé e wọ odò á fi ẹ́ńjìnnì san án. Ohun tó tún ṣe pàtàkì jù ú lọ ni pé kẹ́ ẹ yé jẹ́ kí fọkanáísà fẹ́ atẹ́gùn sí fílítà atẹ́gùn yín. Bébà rẹ̀ á lu, eruku á gba ibẹ̀, á sì máa jẹ abẹ̀bẹ̀ tọ́bò. Tọ́bò-táímà ní tirẹ̀, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣì ṣiṣẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, mo ti yọ ọ́. Òtítọ́ ni pé tọ́bò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì ló sì ń léfòó. Bí ẹ bá pa ọkọ̀ lójijì lẹ́yìn tó ti ru ẹrù gun òkè, ọ́ìlì tó kù níbẹ̀ á jóná di èédú. Ṣùgbọ́n kí n rọra wa ọkọ̀ wọ àdúgbò, kí n sì jẹ́ kó dúró ní ìṣẹ́jú kan kí n tó pa á, kò ná mi ní kọ́bọ̀, kò sì sí rẹ́wáyà tó máa gé wáyà mi kiri.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tòkunbọ̀, kó jẹ́ kí wọ́n tú páànù ọ́ìlì wo asẹ́ tó wà níbẹ̀. Òrùka bàbà tó wà ní ìdí nọ́sù máa ń gbó, èéfín iná á máa jò sínú ọ́ìlì, ọ́ìlì á ki, á dí asẹ́ náà. Lára ẹ́ńjìnnì 1KD 3.0, ẹ̀gbọ́n 2KD, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù, ṣùgbọ́n èmi wo ti 2KD mi náà. Ẹ́ńjìnnì KD kì í sì í lo ṣéènì láti fi yí irin tó ń ṣí fáfù, bẹ́líìtì ló ní. Ẹ́ńjìnnì GD tó rọ́pò rẹ̀ láti 2015 ló ní ṣéènì. Bí iná T-BELT bá tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ má jẹ́ kí rẹ́wáyà kankan bá yín pa iná náà láìjẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ra sẹparétọ̀ yìí: róbà àárín ife àti orí rẹ̀ máa ń wú, kì í sì í fẹ́ jókòó mọ́ bí wọ́n bá ti ń tú u léraléra. Àwọn tó ń ta fílítà kì í sábà ní róbà náà lọ́tọ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń rà á gan-an. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dá ife padà, ẹ fi dísẹ́ẹ̀lì pa róbà, ẹ rọ dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ kún ife, ọwọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fi dì í. Ẹ wá máa tẹ páńpù ọwọ́ tó wà lórí fílítà Toyota títí tó fi le mọ́ yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ tó sítáàtì.