The Funhouse (1981): ẹ wo àgọ́ rẹ̀ ju ìtàn rẹ̀ lọ

Ẹni tó bá ń wá fíìmù abanilẹ́rù tí kò náwó yàlàyàlà, tó sì mọ ibi tó ń ná ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí, kó wo èyí tí Tobe Hooper darí yìí. Ìṣẹ́jú 96 ni. Ọ̀dọ́ mẹ́rin lọ ṣeré ní kánífà alárìnkiri (ibi ìṣeré àti ìran wíwò tó ń ti ìlú kan lọ sí òmíràn) ní Amẹ́ríkà, wọ́n sá pamọ́ sínú ilé ìdẹ́rùbà kí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n yọjú láàárín pákó, wọ́n rí ẹni tó ń pànìyàn nísàlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tún lọ jí owó, láítà bọ́ lápò rẹ̀, àṣírí tú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgọ́ ẹ̀dá abàmì tó wà ní kánífà náà ló dùn ún wò. Màlúù olórí méjì tó wà níbẹ̀, màlúù gidi tó ń mí ni, kì í ṣe rọ́bà. Apèrò mẹ́ta ló ń pe èèyàn wọlé: ọ̀kan lẹ́nu àgọ́ yìí, ọ̀kan níbi oníjó ìhòòhò, ọ̀kan níwájú ilé ìdẹ́rùbà. Kevin Conway nìkan ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohùn àti aṣọ ló fi yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹni tí kò bá fojú sílẹ̀ kò ní fura rárá.

Rick Baker ló ya ojú ẹ̀dá apànìyàn náà; Wayne Doba ló gbé e wọ̀. Ìgbà tó ṣì wọ ìbòjú Frankenstein (ẹ̀dá abanilẹ́rù inú ìtàn àtijọ́) ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí ọwọ́ àti èjìká nìkan ló fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó bọ́ ọ, iná pọ̀ lójú rẹ̀ jù, rọ́bà sì hàn.

Joey, àbúrò Amy tó jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀dọ́ mẹ́rin náà, ń rìn kiri títí ó fi súni. Ohun kan ṣoṣo tí ìrìn rẹ̀ bí ni pé àwọn òbí wọn wá mú un: Amy rí wọn láti ẹ̀yìn fáànù, ó kígbe kígbe, ariwo fáànù bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ dára gan-an, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé.

Àwòrán rẹ̀ fẹ̀ tó 2.35 sí 1, ìyẹn ni pé fífẹ̀ rẹ̀ ju ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ lọ. Ẹ̀dà tí wọ́n gé fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ti sọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nù, ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an sì làwọn ère inú ilé ìdẹ́rùbà máa ń ti yọ. Bí ẹ kò bá rí ìlà dúdú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ pa á, ẹ wá ẹ̀dà míì. Kí ẹ sì kọ́kọ́ lé àwọn ọmọdé lọ sùn o.