M3, C63, RS4 àbí IS F: èwo nínú V8 mẹ́rin yìí ló yẹ kẹ́ẹ fowó yín rà?

Bọ́rọ̀ mọ́tò asáré bá délẹ̀ láàárín àwa tá a nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹni tó ń wa BMW á ní kò sóhun tó dà bí M3, ti AMG, ẹ̀ka tó ń ṣe mọ́tò asáré fún Mercedes, á ní ká kọ́kọ́ ṣíná sí tòun ká gbọ́ ohùn ẹ̀ ná, oní-Audi á máa pariwo quattro, ìyẹn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fa mọ́tò, oní-Lexus á kàn dákẹ́ á máa rẹ́rìn-ín, torí òun àti mẹkáníìkì kì í fi bẹ́ẹ̀ ríra. Àwọn mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wéra rèé: BMW M3 ti E90 àti E92, ẹ́ńjìnnì kan náà ni, iye ilẹ̀kùn ló yàtọ̀, Mercedes C63 AMG ti W204, Audi RS4 ti B7, àti Lexus IS F (E90, W204 àti B7 yẹn, orúkọ tí wọ́n fi ń mọ ìran mọ́tò ni). Àárín 2005 sí 2014 ni wọ́n ṣe gbogbo wọn, V8, ìyẹn ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́jọ, tí ò ní tọ́bò tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì gbé, ìyẹn ló jẹ́ káwọn èèyàn ṣì máa wá wọn kiri, torí M3 tó jáde lọ́dún 2014 ti di sílíńdà mẹ́fà pẹ̀lú tọ́bò méjì, C63 tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2022 tiẹ̀ ti wálẹ̀ dórí sílíńdà mẹ́rin.

Ẹ́ńjìnnì wọn

Ti M3 ló kéré jù, lítà 4.0, agbára ẹṣin 420, tọ́ọ̀kì, ìyẹn ipá tó fi ń yí, 400 Nm péré, ṣùgbọ́n ó ń yí dé ìgbà 8,400 láàárín ìṣẹ́jú kan kó tó ní ó tó gẹ́ẹ́. RS4 dà bí ìkejì ẹ̀, lítà 4.2, ẹṣin 420 náà, 430 Nm, òun ń yí dé 8,250. IS F lítà 5.0, ẹṣin 423, 505 Nm. C63 wá ni bàbá wọn, wọ́n kọ 6.3 sí i lára àmọ́ lítà 6.2 ló jẹ́, ẹṣin 457, 600 Nm. Láti orí òdo dé 100 km/h, ilé iṣẹ́ tó ṣe C63 ní 4.5 sẹ́kọ́ńdì, wọ́n kọ 4.8 fáwọn yòókù, M3 tó ní gíà DCT, èyí tó ní kílọ́ọ̀ṣì méjì tó sì lè máa yí fúnra ẹ̀, 4.6. Ẹ wò ó, kí lèèyàn fẹ́ fìyẹn ṣe? Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi pọ́íǹtì méjì mẹ́ta da orí yín rú.

Bó ṣe ń ṣe lábẹ́ ẹsẹ̀ ni kẹ́ẹ wò. M3 tẹ́ẹ bá ń wà á jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀ 4,000, á fẹ́ẹ̀ dà bíi pé wọ́n rẹ́ yín jẹ ni, àfi tẹ́ẹ bá fún un dókè kó máa ké, ìgbà yẹn lẹ máa mọ ohun tẹ́ẹ rà. C63 ò nílò gbogbo ìyẹn, ẹ kàn fẹsẹ̀ kàn án díẹ̀ táyà ẹ̀yìn ti ń jó, tójò bá rọ̀ kẹ́ẹ rọra o. RS4 táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fa, ó di ilẹ̀ mú, òun nìkan ni kò ní ọtọmátíìkì rárá, ẹsẹ̀ òsì yín á ṣiṣẹ́. M3 ní mánúà ó sì ní DCT, C63 àti IS F ọtọmátíìkì nìkan. Ti IS F, gíà mẹ́jọ, tẹ́ẹ bá fọwọ́ yí i, ó ń gba gíà kíákíá, tó bá sì ti kọjá 3,600 ohùn ẹ̀ á yí padà lójijì bíi pé mọ́tò míì ló gba ọ̀nà.

Ohun tó ń bàjẹ́

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ẹ ti fara balẹ̀ nìyí, torí owó tó wà níbí ju owó tẹ́ẹ fi ra mọ́tò lọ nígbà míì. Ti M3, bẹ́ríǹ tó wà láàárín kọ́nrọ́ọ̀dù àti kíráńkì ni, ó máa ń jẹ tán láìpariwo, ọjọ́ tó bá pariwo ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Àwọn ọ̀jẹ̀ ṣì ń jà lórí ohun tó ń fà á, àwọn kan ní àlàfo ibẹ̀ ló fún jù, àwọn kan ní ọ́ìlì 10W-60 ló ki jù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù tẹ́ẹ sì ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni yòówù kó jàre, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kó tó di wàhálà, wọn ò tiẹ̀ ní yọ ẹ́ńjìnnì, abẹ́ ni wọ́n máa ń gbà wọ ibẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ní rìsíìtì pé òun ti pààrọ̀ ẹ̀, mọ́tò yẹn yẹ lówó ju èyí tó kàn mọ́ lára. Ó tún ní ẹ̀rọ méjì tó ń ṣí ọ̀nà atẹ́gùn, tíyẹn bá daṣẹ́ sílẹ̀ mọ́tò á kàn kọ̀ láti sáré.

C63, ẹ bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n ṣe é kẹ́ẹ tó béèrè iye. Bóòtù tó de orí ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ nínú àwọn ti àkọ́kọ́ máa ń kán, omi á wá ráyè wọ sílíńdà. Àwọn tó jáde lẹ́yìn àtúnṣe 2011 bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, gíà wọn náà dáa jù. Tẹ́ẹ bá gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ tí ò tán lórí ẹ́ńjìnnì, owó ńlá ń bọ̀.

RS4: epo ẹ̀ tààrà ló ń bọ́ sínú sílíńdà, kò fọ fálífù, èéfín dúdú á wá dì síbẹ̀, ẹṣin 420 yẹn á máa dín díẹ̀díẹ̀. Èèpo àsálà tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ sí i láti fi ha á, mi ò ṣeré o. Ṣọ́ọ̀kì DRC ẹ̀, tí wọ́n fi ọ́ìlì so pọ̀ kí mọ́tò má bàa fì, máa ń jò, ọ̀pọ̀ ló ti fi oríṣi míì rọ́pò ẹ̀. Ṣéènì ẹ́ńjìnnì sì wà lẹ́yìn níbi gíà, tíyẹn bá fẹ́ iṣẹ́, wọ́n máa gbé gbogbo ẹ́ńjìnnì wálẹ̀.

IS F ò ní ìṣòro èéfín dídì yẹn torí ọ̀nà méjì ni tiẹ̀ fi ń gba epo. Omi tó ń jò láàárín ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ni kẹ́ẹ wò, àti pọ́ǹpù omi. Ìyẹn náà ni o. Àwọn ti àkọ́kọ́ le bíi pákó lójú ọ̀nà tó bá ní gbágungbàgun, ẹ lọ fún 2011 sókè.

Owó

M3 mánúà tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin ń gbówó lórí, RS4 náà torí kò pọ̀. IS F kì í jábọ́ lówó, àwọn tó ní in kì í tètè tà á. C63 ti àkọ́kọ́ lẹ ó rí ní pọ́ọ́kú, ẹ sì ti mọ ìdí. Èyíkéyìí tẹ́ẹ bá mú, ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún owó mọ́tò sápá kan fún àtúnṣe ọdún àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ mọ́tò kan ṣoṣo lẹ ní tẹ́ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, IS F, ká má parọ́. Tẹ́ẹ bá ní òmíì nílé, tí bẹ́ríǹ sì ti wà nínú ìṣirò yín, M3 lèmi máa mú, mánúà.

Ọjọ́ tẹ́ẹ bá fẹ́ lọ wò ó, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á tẹ́lẹ̀ pé kó má tan án, torí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù lẹ máa gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Ọkùnrin kan ti tan tiẹ̀ sílẹ̀ dè mí rí, mo débẹ̀, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná, ó ní òun kàn fi lọ ra búrẹ́dì ni. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì ní òwúrọ̀ kùtù láìsọ, kó tó tan án ojú ẹ̀ ti yí padà, ohun tí mo gbọ́ nígbà tó tan án, mi ò dúró béèrè iye mọ́.