Boys' Brigade: ohun tí ó yẹ kí òbí wò kí ó tó fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀

Bí a bá ní kí àwọn òbí tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìbàdàn sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa Boys' Brigade, ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin inú ṣọ́ọ̀ṣì, ìlù ńlá, fèrè àti ìwọ́de ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. N kò bá wọn jiyàn, nítorí ẹni tí ó bá ti rí àwọn ọmọ náà níbi tí wọ́n ti ń yan lọ́jọ́ òmìnira tàbí lọ́jọ́ ìkórè mọ̀ pé ó wuni í wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ lé ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní láti béèrè ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀, ẹni tí ń bojú tó o, àti ẹni tí òbí lè lọ bá bí nǹkan kò bá lọ déédéé. Ọmọkùnrin mi wà nínú ẹgbẹ́ náà, mo sì ti jókòó ti ìpàdé wọn tó láti sọ èrò mi.

William Alexander Smith ni ó dá a sílẹ̀ ní ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1883. Oníṣòwò ni, ó jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun afínnúfíndọ̀ ti Lanarkshire, ó sì ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní North Woodside. Ìṣòro tí ó bá níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí olùkọ́ ọjọ́ ìsinmi kankan títí di òní: bí ọmọkùnrin bá ti ń súnmọ́ ọdún 12 tàbí 13, ara rẹ̀ kì í gba ìjókòó mọ́, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi máa wá àwáwí tí kò fi ní í wá mọ́. Smith rò ó pé ètò tí ń mú àgbàlagbà dúró ṣánṣán lórí pápá lè mú ọmọdé náà dúró nídìí Bíbélì. Òun pẹ̀lú James àti John Hill, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ 59 ni ó wá ní ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ti ku 35, nítorí pé Smith kò gba ìpẹ́lẹ́yìn, kò sì gba ìwà jàgídíjàgan. Kò dẹ òfin náà kí èrò lè pọ̀, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ náà ti rí ẹsẹ̀ dúró.

Ète tí wọ́n kọ sílẹ̀ fi ìtẹ̀síwájú ìjọba Kristi láàárín àwọn ọmọkùnrin ṣáájú, kí ó tó wá kan ọ̀wọ̀, ìkóra-ẹni-níjàánu àti iyì ara ẹni. Ìgbọ́ràn náà wà níbẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni wọ́n tó fi kún un. Ìdákọ̀ró ni àmì wọn, láti inú ìwé Hébérù orí 6 ẹsẹ 19. Àgbélébùú pupa tí ó wà lẹ́yìn ìdákọ̀ró náà dé ní 1926, nígbà tí wọ́n dàpọ̀ mọ́ Boys' Life Brigade, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1899, tí ó gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ ìgbẹ̀mílà. Ó yẹ kí àwọn tí ń fi ẹgbẹ́ Scout wé Boys' Brigade mọ̀ pé nígbà tí Baden-Powell, olùdásílẹ̀ Scout, ń dán ètò rẹ̀ wò ní erékùṣù Brownsea ní 1907, àwọn ọmọ Boys' Brigade láti Bournemouth àti Poole wà lára àwọn ọmọ tí ó kó dání.

Ní ti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lára ọmọ, mo lè jẹ́rìí sí i. Ní ìpàdé kan, Kápítéènì tí ó jẹ́ olórí wọn to àwọn ọmọ ní ìlà mẹ́ta, ó ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì, ó ń wo èékánná, ó ń wo bóyá wọ́n ti fi Brasso nu idẹ bẹ́líìtì wọn. Ìdákọ̀ró orí bẹ́líìtì ọmọ kan ti dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kápítéènì kò bú u, kò sì pariwo. Ó kàn fi ìka kan ibẹ̀, ó sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kàn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, idẹ náà ń kọ mọ̀nà. Àwa òbí ti fi ariwo wá irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ nílé tipẹ́, a kò rí i.

Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣètò ẹgbẹ́ yìí láti agbègbè dé agbègbè ni mo kà sí pàtàkì jù lọ, ohun náà sì ni àwọn òbí kì í sábà bi ẹnikẹ́ni. Ìjọ kan ni ó ń ni Kọ́ńpìnì kan, Kápítéènì sì ni olórí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn Lùtẹ́náǹtì tí ń ràn án lọ́wọ́ àti àlùfáà ìjọ náà tí ń ṣe Ṣápíléènì. Àwọn Kọ́ńpìnì tí wọ́n wà ní agbègbè kan ni wọ́n ń para pọ̀ di Bàtálíọ̀nù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni èyí ti wà, nítorí pé ní 1885, nígbà tí ọdún méjì kò tíì pé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, Glasgow ti ní Bàtálíọ̀nù tirẹ̀. Ẹgbẹ́ náà dé Èkó ní 1908, ètò yìí kan náà ni wọ́n sì ń lò ní Nàìjíríà: Bàtálíọ̀nù lórí Kọ́ńpìnì, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ lórí Bàtálíọ̀nù, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ orílẹ̀-èdè lórí gbogbo wọn.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọmọ Áńgílíkà, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì àti ọmọ Onítẹ̀bọmi a máa pàdé lórí pápá kan náà, wọ́n a jọ ṣe ìdánwò, wọ́n a sì jọ lọ sí ibùdó. Ọmọ tí ó rò pé ìjọ tòun nìkan ló wà láyé yóò bá ojúgbà rẹ̀ láti ìjọ mìíràn tí ó mọ Bíbélì jù ú lọ. N kò mọ ètò mìíràn fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ń ṣe èyí lọ́nà tí kò la àríyànjiyàn ẹ̀kọ́ ìsìn lọ.

Àǹfààní kejì ni ti ìbojútó. Ó tó sáà kan tí kíláàsì Bíbélì Kọ́ńpìnì ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹ́kun, nítorí pé gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n lọ lu ìlù níbi ìsìnkú àti ìṣílé. Owó ń wọlé, inú àwọn ọmọ sì ń dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ mú ọmọ wá kò lọ mọ́. Àwa òbí kan lọ sọ ọ́ fún Bàtálíọ̀nù. Wọ́n rán ọ̀gá kan wá, ó ní kí wọ́n gbé rẹ́gísítà wá, ó sì ṣètò pé kò sí òde kankan tí ó gbọ́dọ̀ gba àkókò kíláàsì mọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ìjọ kan péré ni, n kò rí ẹni tí à bá sọ ọ́ fún.

Aṣọ ẹgbẹ́ wọ́n díẹ̀ fún ìdílé tí ó ní ọmọ mẹ́ta. Ẹ má ṣe ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ bi Kápítéènì bóyá bẹ́líìtì àwọn tí wọ́n ti dàgbà kúrò wà nílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní ọmọbìnrin lè wo Girls' Brigade, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà ní Dublin láti 1893, tí ó sì gba ìrísí tí ó ní lónìí nígbà tí ẹgbẹ́ mẹ́ta dàpọ̀ ní 1965.

Mo gba àwọn òbí tí ọmọ wọn ti tó ọdún 8 níyànjú pé kí wọ́n mú un lọ. Ẹ lọ ní ọjọ́ kíláàsì Bíbélì, kì í ṣe ọjọ́ ìwọ́de, kí ẹ sì béèrè orúkọ Bàtálíọ̀nù tí Kọ́ńpìnì náà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọn kò bá lè sọ ọ́, ẹ wá Kọ́ńpìnì mìíràn nítòsí.