Kagawa: Ìpínlẹ̀ Tí Omi Ti Wọ́n, Tí Oúnjẹ Sì Dùn

Bí ẹ bá ń lọ sí Japan tí ẹ ò sì fẹ́ kí ìrìn àjò yín parí sí Tokyo àti Kyoto, ẹ lọ sí Kagawa. Nínú ìpínlẹ̀ 47 tí wọ́n ní, ilẹ̀ tirẹ̀ ló kéré jù. Erékùṣù Shikoku ló wà, ó kọjú sí Òkun Seto.

Láti Okayama ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin tó gba orí Afárá Ńlá Seto. Kò tó wákàtí kan tí a fi dé Takamatsu, olú ìlú wọn. Ọdún 1988 ni wọ́n ṣí afárá náà: mọ́tò ń gba òkè, ọkọ̀ ojú irin ń gba ìsàlẹ̀. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1955, ọ̀kan nínú wọn, Shiun Maru, kọlu ọkọ̀ mìíràn nínú kùrukùru, ó sì rì. Èèyàn 168 ló kú, ọmọ iléèwé sì pọ̀ nínú wọn. Láti ìgbà náà ni ariwo afárá ti gbilẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí a fi sọdá.

Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní Kagawa, odò wọn ò sì gùn. Adágún tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ni wọ́n gbójú lé, ó lé ní 10,000. Manno ló tóbi jù. Kukai, àlùfáà ẹ̀sìn Búdà tí wọ́n bí ní àdúgbò ibẹ̀, ló wá tún bèbè rẹ̀ ṣe ní ọdún 821, wọ́n sì ń fi omi rẹ̀ bomi rin oko ìrẹsì dòní. Ọ̀dá ọdún 1973 le débi pé wọ́n ń pe ìlú náà ní aṣálẹ̀ Takamatsu, kí omi odò Yoshino láti ìpínlẹ̀ Tokushima tó dé.

Àlìkámà ò nílò omi tó ìrẹsì. Ẹ fi iyọ̀ òkun kún un, ẹ fi ẹja wẹẹrẹ gbígbẹ kún un, udon, núdù àlìkámà wọn, dé nìyẹn! Ní ilé oúnjẹ tí oníkálùkù ti ń bu tirẹ̀, wọ́n fún mi ní núdù tútù nínú abọ́. Èmi fúnra mi ni mo dà á sínú ajọ̀, tí mo rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí n tó fi omi ẹja, àlùbọ́sà eléwé àti atalẹ̀ sí i. Ó le díẹ̀ léyín, ó sì ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Láti Australia ni ọ̀pọ̀ ìyẹ̀fun wọn ti ń wá báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ní àlìkámà tiwọn, Sanuki no Yume. Ẹ béèrè ilé tó ń lò ó. Òórùn rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹun láàárọ̀ o, torí bí núdù bá ti tán lọ́sàn-án, wọ́n á tilẹ̀kùn. Ẹ mú owó dání pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ kì í gba káàdì.

Àtẹ̀gùn 785 ló gun òkè dé ojúbọ Kotohira, òrìṣà tí àwọn atukọ̀ ń bẹ̀ fún ààbò. Ilé ìtajà ìsàlẹ̀ á yá yín ní ọ̀pá oparun. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó lọ wo ilé eré Kanamaru-za ti ọdún 1835 nísàlẹ̀.

Iṣẹ́ ọnà ló sọ erékùṣù Naoshima di olókìkí. Ó dára, àmọ́ erékùṣù Shodoshima ni ọkàn mi lọ. Láti 1908 ni igi ólífì ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń ṣe shoyu, omi sóyà dúdú, ni kí ẹ má fo. Àgbá onígi tó ju èèyàn lọ wà nínú òkùnkùn, kòkòrò àìfojúrí tó ń mú sóyà kan bo igi àti òrùlé bí èérí. Bí mo ṣe tẹ etí sí i, mo gbọ́ tó ń hó wúyẹ́wúyẹ́.

Mo fún Kagawa ní 4 nínú 5. Bọ́ọ̀sì Shodoshima ló gba máàkì kan tó kù. Ó ṣọ̀wọ́n jù. Ẹni tó bá lè wakọ̀, kó yá mọ́tò ní èbúté.