Wọ́n bá mi fọ ariwo Èkó nù: ohun tí ojú mi rí ní sítúdíò kan ní Yábàá

Ariwo ni mo gbé lọ fún wọn, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n dá padà fún mi. Sítúdíò náà wà ní Yábàá, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ̀ mí tán ni wọ́n tún ṣe mí lóore, oore ọ̀hún kò sì jẹ́ kí n mọ ibi tí màá gbé ẹjọ́ mi gbà. N kò ní sọ̀rọ̀ nípa máíkì wọn tàbí bí yàrá wọn ṣe tutù tó. Ẹni tó bá ti débẹ̀ mọ̀ pé ìyẹn kò ní àbùkù.

Fáyólìnì ni mo ń ta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́ mi ní Èbúté-Mẹ́ta nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ti ń da ohùn rẹ̀ pọ̀ mọ́ ohùn ìgboro tí mo fi ẹ̀rọ kékeré gbà sílẹ̀, màá wá mú méjèèjì gba inú kọ̀ǹpútà kọjá, kí wọ́n lè máa yí padà, kí wọ́n máa fà gùn, kí wọ́n máa wọ inú ara wọn. Àwọn kan nínú ẹbí mi ní èyí kì í ṣe orin. N kò bá wọn jà. Halim El-Dabh, akọrin ọmọ Íjíbítì, ti ṣe irú rẹ̀ ní Cairo ní 1944, nígbà tí ó gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sórí wáyà lọ síbi ètò zaar, ìyẹn ètùtù tí wọ́n fi ń tu ẹ̀mí àìrí lójú, tí ó sì fi ohùn tó gbà níbẹ̀ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Pierre Schaeffer, ọmọ Faransé, fi ìró ọkọ̀ ojú irin ṣe orin ní Paris. Nílé níbí, Emeka Ogboh, ọmọ Nàìjíríà tí ń fi ohùn ṣe iṣẹ́ ọnà, ti gbé ohùn dánfó àti kọ̀ńdọ́ Èkó lọ sí àwọn ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà lókè òkun. Bí ìró ojú irin bá di orin ní Paris, kí ni Ìdúmọ̀tà ṣe tí tirẹ̀ kò fi ní dì í?

Ohùn márùn-ún ni mo kó lọ, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40 ìṣẹ́jú: Ìdúmọ̀tà lọ́sàn-án gangan, àwọn kọ̀ńdọ́ ní CMS, òjò lórí páànù, obìnrin kan tí ń din àkàrà ní Òyìngbò, àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi. Mo ní kí wọ́n kàn bá mi mú wọn dọ́gba, kí ọ̀kan má bo èkejì mọ́lẹ̀, nítorí pé mo ní eré ní Oníkàn lọ́jọ́ Sátidé. Arábìnrin tí ń gba àlejò kọ ọ́ sínú ìwé, mo san ₦45,000, mo sì lọ.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣe ẹnjiníà níbẹ̀ fi ohun-ìgbọ́rọ̀ sí mi létí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn pamọ́ sẹ́yìn. Kọ̀ńdọ́ kan ń ké "Ọbáléndé, Ọbáléndé, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀, kò sí fèrè, kò sí èrò, ọkùnrin náà dá dúró sínú òfìfo, ó ń pe ẹni tí kò sí. Òjò ti di àtẹ́gùn díẹ̀. Èyí tí ó kàn ni jẹnẹrétọ̀. Mo dúró. Mo tún dúró.

"Jẹnẹrétọ̀ mi dà?"

"Jẹnẹrétọ̀ wo, mà?" Ó tún rẹ́rìn-ín. "Gbogbo nọ́ìsì yẹn ni mo ti bá yín yọ kúrò. Òru méjì ni mo fi ṣe é, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀ lé e."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó yọ. Iná tí a ń lò ní Nàìjíríà jẹ́ 50 hertz, ìyẹn ni pé ó ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó bá ń fúnni ní irú iná bẹ́ẹ̀ a máa kùn ní 50, ní 100, ní 150, ní 200. Okùn tó nípọn jù lára fáyólìnì mi, tí a ń pè ní G, a máa dún ní 196. Bí mo bá ta á lórí jẹnẹrétọ̀ yẹn, 196 àti 200 á máa bá ara wọn jà, ohùn á sì máa wárìrì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Màá wá rọra yí èèkàn okùn náà títí ìwárìrì yẹn yóò fi lọ́ra, títí yóò fi dákẹ́, tí n kò fi ní mọ èyí tí í ṣe tèmi nínú ohùn méjèèjì mọ́. Orí ibẹ̀ ni mo kọ́ gbogbo iṣẹ́ náà lé. Ó ti gé 50 àti gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò pátápátá.

Mo pariwo, n kò purọ́. Arábìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀, ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni "bá wọn tún ohùn ṣe." Ọ̀gá wọn sọ fún mi lórí fóònù pé gbogbo oníbàárà ló ń fẹ́ kí ohùn òun mọ́ tónítóní, bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé orí ojúlówó náà gan-an ni wọ́n fi àtúnṣe wọn pamọ́ sí. Pé n kò ní ẹ̀dà mìíràn nílé, ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bí ẹ ṣe ń ta á." Mo ta á sínú òfìfo tí ó ṣe, ojú rẹ̀ sì yí padà kí n tó parí. Ó gba káàdì inú ẹ̀rọ mi, ó fi í sínú kọ̀ǹpútà, ó sì wá àwọn ohùn tí mo ti pa rẹ́ kiri títí di agogo mọ́kànlá kọjá. Ìdúmọ̀tà padà wá, CMS padà wá, òjò náà padà. Jẹnẹrétọ̀ kò padà. Jẹnẹrétọ̀ ńlá sítúdíò wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ ti jọ̀lọ̀ jù, nítorí náà ó kọjá títì lọ bá télọ̀ kan tí ń ṣiṣẹ́ òru. Ó fi owó ara rẹ̀ ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ ọkùnrin náà, ó fi ègé àǹkárá wé orí máíkì kí afẹ́fẹ́ má baà lù ú, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, èmi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fáyólìnì mi. Nígbàkígbà tí télọ̀ bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, jẹnẹrétọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù sórí, ìka mi á sì tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀. 21 ìṣẹ́jú ni a gbà. Ó dára ju ti aládùúgbò mi lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wá sí Oníkàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é, ó sì jókòó ti ẹ̀rọ títí a fi parí. Nígbà tí a dé ibi jẹnẹrétọ̀, bàbá kan láàárín àwọn olùgbọ́ dìde, ó bínú, ó ní kí wọ́n lọ bá òun pa ẹ̀rọ tí ń dí wa lọ́wọ́ níta. Ẹnjiníà mi ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Wọn kò dá kọ́bọ̀ padà nínú owó mi. Nínú àkàrà tí ń hó nínú epo fún ìṣẹ́jú méje, 40 ìṣẹ́jú àáyá ni a rí gbà padà, obìnrin náà kò sì sí ní ibùdó yẹn mọ́. Mo fún wọn ní 2 nínú 5. Mo ti san àsansílẹ̀ fún Oṣù Kọkànlá, mo sì wo arábìnrin náà títí ó fi kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọkùnrin yẹn nìkan ni kí ó fọwọ́ kan iṣẹ́ mi.