Loire à Vélo nínú òjò: bí mo ṣe rí Blois sí Amboise

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ gbangba ná: ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yìí dáa, nínú òjò náà ó ṣì dáa, àpò tí wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́ tí mo yá ni kò dáa rárá. Torí náà ẹ má jẹ́ kí òjò lé yín sẹ́yìn, ohun tí wọ́n fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, Loire ni odò tó gùn jù nílẹ̀ Faransé, ó lé ní 1,000 kìlómítà, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó ń bá a rìn tó nǹkan bíi 900 kìlómítà títí dé etí òkun Atlantic. Èmi àti àbúrò mi ò gùn ún tán o, Blois sí Amboise, ìlú méjì létí odò yẹn, ni mo ń sọ, nǹkan bíi 40 kìlómítà, torí ibẹ̀ lòjò ti bá wa láàárọ̀ tí kò sì dá títí dìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe òjò alágbára, winniwinni ni, àmọ́ àrọ̀ọ̀rọ̀dá ni.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé àmì kékeré wà ní gbogbo oríta. Tí fóònù bá ti rẹ, kì í gbọ́ ìka mọ́, ẹni tó bá gbójú lé map nìkan máa dúró sójú títì máa nu fóònù, àwa ò nílò ẹ̀ rárá, à ń tẹ̀ lé àmì lọ ni. Ibi tó pọ̀ ni wọ́n da ọ̀dà sí. Àyàfi lẹ́yìn ìlú Chaumont, níbi tí ọ̀nà ti gun òkè díẹ̀ wọ àárín oko àjàrà, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ rọra.

Nǹkan kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Láti ayé àtijọ́ ni wọ́n ti mọ òkìtì gígùn, levée ni wọ́n ń pè é, sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kó má baà ya wọlé onílé, síbẹ̀ ó ṣì ya (1846, 1856, 1866, ẹ máa rí àmì ibi tómi ga dé lára ògiri láwọn ìlú etí odò yẹn). Tí ọ̀nà bá gba orí òkìtì yẹn, kò sí ohun tó máa bo èèyàn, atẹ́gùn sì sábà máa ń ti ìwọ̀ oòrùn wá láti orí òkun, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá ń lọ sápá ìwọ̀ oòrùn bí àwa ṣe lọ, ojú yín gan-an lòjò á máa nà. Tí mo bá tún lọ, Amboise ni màá ti bẹ̀rẹ̀ wá sí Blois kí atẹ́gùn lè máa tì mí lẹ́yìn.

Kẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ ò níṣòro, ìjókòó tù mí lára, mọ́dígáàdì gùn dáadáa nítorí náà ẹrẹ̀ ò ta sí mi lẹ́yìn. Bíréèkì ẹ̀ ni onírọ́bà tó ń di ríìmù mú, irú yẹn kì í tètè mú tí ríìmù bá ti rẹ, tí wọ́n bá ní oní-disc, èyí tó ń di irin pẹlẹbẹ mú láàárín táyà dípò ríìmù, ẹ gba ìyẹn kódà tó bá wọ́n díẹ̀. Àmọ́ àpò! Wọ́n ní omi ò lè wọ̀ ọ́. Ká tó dé ìlú Candé-sur-Beuvron omi ti ń gba ojú rírán wọlé, gbogbo aṣọ tó wà nísàlẹ̀ àpò rin gbindin, ọ̀rá tí àbúrò mi ti fi di àwọn ìwé wa ló kó wa yọ. Inú bí mi gan-an, torí owó àpò yẹn lọ́tọ̀ ni wọ́n gbà á. Èyí tí wọ́n ń ká lẹ́nu mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó so ó ni kí ẹ bèèrè fún, kì í ṣe èyí tó ní ìdérí lásán.

Oúnjẹ: aago méjì ọ̀sán ti lù, ilé oúnjẹ máa ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ tètè jẹun. A ra búrẹ́dì àti ṣíìsì ewúrẹ́ Sainte-Maure, èyí tí wọ́n máa ń ki pòròpórò kan bọ̀ láàárín, ó dùn gan-an. Ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó bèèrè ohunkóhun ní ṣọ́ọ̀bù o, bonjour ò gbọ́dọ̀ wọ́n lẹ́nu yín, wọ́n ka ìkíni sí bíi tiwa.

Ní Amboise, ilé tó ní àmì Accueil Vélo la sùn, àmì yẹn túmọ̀ sí pé ilé ò jìnnà ju kìlómítà márùn-ún sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ibi tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ mọ́ wà, irinṣẹ́ náà wà. Màmá tó nilé rí bàtà wa, ló bá kó ìwé ìròyìn wá pé ká kì í sínú ẹ̀, nígbà tílẹ̀ mọ́ ó ti gbẹ. Ọlọ́run bù kún un. A lọ wo ibojì Leonardo da Vinci nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lọ́gbà ààfin, ìlú yẹn ló kú sí ní 1519.

Ẹni tó bá rẹ̀ lè gba ọkọ̀ ojú irin ní Onzain, ó wà lódì kejì odò sí Chaumont, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ní Amboise náà, ẹ máa sọdá afárá. Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ lọ sí ìlú Tours, a ò san kọ́bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó yá wa ní kẹ̀kẹ́ nípa àpò yẹn, wọ́n ní àwọn máa dá owó ẹ̀ padà, mo ṣì ń retí ẹ̀.