Mo dorí àpò lẹ́tà kodò, Davis di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Àpò lẹ́tà àtijọ́ méjì ni mo rà lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan tó pàtẹ níbi tí àwa tá à ń kó sítáǹpù jọ ti máa ń pàdé ní Baltimore. Ọ̀kan dùn mọ́ mi nínú. Èkejì, mo dá a padà fún un.

Ọdún 1861 ni ti àkọ́kọ́, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Àwọn ará Àríwá ló fi ń bú Jefferson Davis, ààrẹ àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya lọ. Orí Davis ni wọ́n yà síbẹ̀, ó fajú ro, wọ́n ní Jeff ń lọ sójú ogun. Ẹ wá dorí àpò náà kodò. Ìlà kan náà, yíǹkì kan náà, ó ti di orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́! Wọ́n ní Jeff ló ń ti ojú ogun bọ̀ yẹn. Bí ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni mo ń dà á sókè sódò lórí àtẹ kí ìyàwó mi tó ní, "Bàbá Tọ́lá, ẹ sanwó ká máa lọ." Ọgọ́ta dọ́là ni, kò sì dùn mí.

Èkejì jẹ́ ti ìpolongo ìbò 1860. Àwòrán Abraham Lincoln, tó ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, ló wà lára rẹ̀, igi ọgbà sì yí i ká, torí ó la igi ọgbà nígbà ọ̀dọ́. Igi yẹn jẹ́ tirẹ̀ bí ọ̀pẹ ṣe jẹ́ ti Action Group, tí àkùkọ sì jẹ́ ti NCNC. Ìyàwó mi kò dá a mọ̀, torí kò tíì ní irùngbọ̀n. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 11 kan, Grace Bedell, ló kọ̀wé sí i ní oṣù kẹwàá ọdún náà pé kó dá a sí.

Sítáǹpù Washington pupa, sẹ́ǹtì 3, wà lára àpò náà, bàbá tó tà á sì ní wọ́n fi ránṣẹ́ lóòótọ́, ìyẹn ló ṣe pe owó gọbọi. Nígbà tí mo délé, mo gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi lé e. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ dé etí sítáǹpù, ó dúró gbáà, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ẹyọ yíǹkì kan kò kán sórí ìwé. Ẹnì kan ló lọ lẹ sítáǹpù tí wọ́n ti lò mọ́ àpò tí kò rìn rí.

Bàbá kò bá mi jiyàn, ó ka owó mi padà lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ nígbà tó yá, mo rí i tó dá àpò náà padà sórí àtẹ, iye kan náà. Màá tún rajà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní sítáǹpù lára nìkan.